Ẹ Ka Àwo Ilé Yín Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

ÌBÉÈRÈ LÁTI ARÓWÓMỌLẸ̀, ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo sì ń gbé. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá kí wa, ó sì ra tẹlifíṣọ̀n oní-ínṣì 55 tí wọ́n ń pè ní 4K sí pálọ̀ wa, pẹ̀lú home theatre tó ní sípíkà márùn-ún àti ńlá kan tó ń kù rìrì ní ìsàlẹ̀. Àwo fíìmù tó wà lọ́wọ́ mi lé ní ọgọ́fà. VCD fíìmù Yorùbá tí èmi àti ìyàwó mi ń rà ní Tákìé láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ló pọ̀ jù nínú wọn, DVD kò ju ogójì lọ, Blu-ray mẹ́fà sì ni ọmọ mi kó wá láti ọ̀hún. Ẹ̀rọ DVD wa àtijọ́ kò gbé Blu-ray. Nígbà tí mo dé ọjà, ẹnìkan ní ẹ̀rọ 4K ni kí n rà, torí pé tẹlifíṣọ̀n mi jẹ́ 4K. Èkejì gbé tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà kan jáde ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀kẹta ní ayé àwo ti lọ, pé kí n máa fi dátà wo fíìmù. Láti ibi tí àga wa wà dé ìdí tẹlifíṣọ̀n tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

ÌDÁHÙN

Bàbá wa, ẹ ṣé tí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nínú irú ìbéèrè yìí ni ẹ ti sọ: iye àwo tó wà nílé, irú tí wọ́n jẹ́, àti ibi tí àga wà. Èsì mi nìyí kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ Blu-ray lásán, èyí tí kì í ṣe 4K, tí wọ́n ṣe fún irú iná tiwa, tó sì wà fún ẹkùn B, ìyẹn ìpín ayé tí àwo Blu-ray tiwa wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ DVD àtijọ́ yín kúrò nílé. Ẹ má sì fọwọ́ kan tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà yẹn rárá.

Ọ̀dọ̀ àwo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwo ni ẹ̀rọ ń sìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ mú VCD kan, DVD kan àti Blu-ray kan, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bákan náà ni wọ́n fẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti etí dé etí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ẹ̀yìn wọn sí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ sì ń yí wọn díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè yóò tẹ́ rẹrẹ lórí VCD, yóò hàn lórí DVD náà, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ lórí Blu-ray, àfi kí ó ṣẹ́ bí aró díẹ̀ nígbà tí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ gan-an. Ìlà tí wọ́n kọ àwòrán sí lára Blu-ray ló há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ kò fi ráàyè tú sí àwọ̀ lára rẹ̀ mọ́. Nítorí ìlà híhá yẹn ni wọ́n ṣe ń fi lésà aláwọ̀ aró kà á, èyí tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 405, nígbà tó jẹ́ pé lésà pupa oní-nánómítà 650 ló ń ka DVD. Bí ẹnu kálàmù bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni ojú ìwé kan ṣe ń gba ọ̀rọ̀ tó: DVD tó ní ìpele kan ṣoṣo gba gígábáìtì 4.7, Blu-ray onípele kan gba 25, onípele méjì sì gba 50.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àwòrán ti wá. Àmì kéékèèké ni wọ́n fi ń to gbogbo àwòrán tí ẹ ń rí. Lórí VCD tiwa, wọ́n jẹ́ 352 ní ìbú àti 288 ní òòró. Lórí DVD, 720 ní ìbú àti 576 ní òòró. Lórí Blu-ray, 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró. Blu-ray 4K, tí ó dé ọjà ní ọdún 2016, sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iye ti Blu-ray di ìlọ́po méjì, ó di 3840 àti 2160. Gbogbo ẹ̀rọ Blu-ray ló lè gbé DVD, wọn a sì na àwòrán DVD náà kí ó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Oníṣòwò á sọ fún yín pé nínà yìí sọ DVD di Blu-ray. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí a bù sí ọbẹ̀ lè mú kí ó kárí ilé, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹran tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ̀rọ náà bá dára, àwòrán DVD yín yóò mọ́lẹ̀, kò ní gún gánnagànna létí bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì tán síbẹ̀.

VCD ni mo ń fi ọkàn sí jù nínú lẹ́tà yín, nítorí pé òun ló pọ̀ jù nílé yín, òun náà sì ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tuntun kò kà sí mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray ló ń gbé DVD àti CD orin láìjanpata, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi VCD sí i, yóò yí i, yóò yí i, yóò sì sọ pé òun kò mọ irú àwo yìí. Òmíràn ń gbé e dáadáa. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí máa ń to orúkọ àwọn àwo tó lè gbé; bí ẹ kò bá rí VCD nínú rẹ̀, ẹ gbà pé kò gbé e. Ohun tó dá mi lójú jù ni kí ẹ kó VCD méjì nínú àwọn tí ẹ fẹ́ràn sínú àpò, tuntun kan àti èyí tí ara rẹ̀ ti ha, kí ẹ sọ pé kí oníṣòwò fi wọ́n sí i níṣojú yín kí ẹ tó ka owó. Ẹ jẹ́ kí ó gbé e kọjá ìdajì, torí pé etí òde ni àwo máa ń kọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sì gbé e, ẹ̀rọ àtijọ́ yín ṣì wà nílé, ìdí tí mo fi ní kí ẹ má lé e jáde nìyẹn. Fíìmù Yorùbá tí ẹ rà ní ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò lè rí rà níbòmíràn lónìí, ẹ̀rọ tó ń gbé wọn sì yẹ ní fífi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún kìlọ̀ nípa orúkọ kan. Ẹ óò rí páálí tí wọ́n kọ "HD DVD" tàbí "1080p" tàbí "HDMI" sí gàdàgbà, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti Blu-ray. Ẹ̀rọ DVD lásán tó ń na àwòrán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí ẹ bá sì rí ojúlówó HD DVD nínú òkìtì tòkunbọ̀, ohun tó burú ju ìyẹn lọ ni ẹ rí: irú àwo kan ni Toshiba gbé jáde ní ọdún 2006 láti bá Blu-ray du ipò, tí ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2008. Ẹ̀rọ yẹn kò lè ka Blu-ray kankan. Àmì Blu-ray Disc gan-an ni kí ẹ wá lójú ẹ̀rọ, kì í ṣe lára páálí.

Ó wá kan ẹni tó ní kí ẹ ra 4K. Kò parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò bèèrè ibi tí ẹ ń jókòó sí. Lórí tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje kí ó tó lè rí gbogbo ohun tí Blu-ray lásán kó sínú àwòrán. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn àmì kéékèèké náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ lójú rẹ̀. Láti rí gbogbo ti 4K, yóò tún sún mọ́ ọn dé ìdajì ìyẹn, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Ẹ̀yin wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ní ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, kódà ìyàtọ̀ láàrin DVD tó dára àti Blu-ray yóò ti dínkù lójú yín. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fa àga yín wá sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé àwọn ìyàwó wa kì í fẹ́ kí a tún pálọ̀ tò, ṣùgbọ́n ẹ bẹ ìyá wa. Àwòrán tí àga sísún yóò fún yín ju èyí tí owó 4K yóò fún yín lọ, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun kan wà tí 4K fi ń ju Blu-ray lọ láìka ibi tí a jókòó sí, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ni. Àwo 4K máa ń gbé ohun tí wọ́n ń pè ní HDR, èyí tó ń jẹ́ kí iná fìtílà nínú òkùnkùn tàn bí iná gan-an, kí ojú ọ̀run alẹ́ má sì di eérú. Bí ọmọ yín bá ń rà àwo 4K ránṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, tí tẹlifíṣọ̀n yín sì jẹ́ èyí tí HDR rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ lè tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi pé Blu-ray mẹ́fà ló wà nílé, ẹ kò dárúkọ 4K kan. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ 4K lónìí, àwo tí ẹ kò tíì ní ni ẹ ń ra ẹ̀rọ dè.

Ohùn ló kàn báyìí, ibẹ̀ ni mo sì rò pé inú yín yóò ti dùn jù. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ìyáàlù tí a gbọ́ lójú agbo àti èyí tó ń ti inú rédíò kékeré jáde yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Láti lè rí àyè fún àwòrán, DVD máa ń gé ohùn, ó ń yọ ohun tí ó rò pé etí kò ní mọ̀ kúrò. Blu-ray ní àyè, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé ohùn wá láìyọ nǹkan kan kúrò, lábẹ́ orúkọ Dolby TrueHD tàbí DTS-HD Master Audio, ẹ óò rí i lẹ́yìn páálí àwo. Ṣùgbọ́n ohùn yìí kì í gba ibi gbogbo kọjá. Wáyà HDMI ló lè gbé e dé ọ̀dọ̀ home theatre yín. Wáyà optical, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, kò lè gbé e, wáyà pupa àti funfun kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ lọ wo ẹ̀yìn home theatre náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ òní. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n kọ HDMI IN sí, ọ̀nà là: wáyà kan láti ara ẹ̀rọ Blu-ray sí HDMI IN, wáyà kejì láti HDMI OUT sí tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá jẹ́ HDMI OUT nìkan ni ẹ rí, bí ọ̀pọ̀ home theatre inú páálí kan ṣe rí, ẹ gbé HDMI láti ara ẹ̀rọ Blu-ray lọ sí tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí ẹ wá gbé ohùn gba optical láti ara ẹ̀rọ Blu-ray fúnra rẹ̀ sí home theatre. Mo tẹnu mọ́ "láti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀", nítorí pé àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tó máa ń sọ ohùn sípíkà márùn-ún di ti méjì kí wọ́n tó jẹ́ kí ó jáde, ẹ óò sì máa rò pé sípíkà ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ Blu-ray olówó pọ́ọ́kú mìíràn kò ní ihò optical rárá, ìyẹn náà yẹ ní wíwò kí a tó rà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ wọ inú ètò ohùn ẹ̀rọ náà, kí ẹ yan "Bitstream", kí ẹ sì pa èyí tí wọ́n ń pè ní "BD Audio Mix" tàbí "Secondary Audio". Bí ẹ bá fi ìkẹyìn yìí sílẹ̀ ní títàn, ẹ̀rọ yóò sọ ohùn dídára náà padà di irú ti DVD, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, mo fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ẹ̀rọ Blu-ray kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìbàdàn. Kò sí ibi kankan tó ha lára rẹ̀, rìmóòtù rẹ̀ pé. Mo gbé e délé, mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná ara ògiri, "táù" ni mo gbọ́, òórùn rọ́bà jíjó sì gba gbogbo yàrá. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ ni mo tó rí i tí wọ́n kọ ọ́ fínnífínní sí abẹ́ rẹ̀: 120V, 60Hz. Oníṣẹ́ iná kan ní Sábó bá mi tún un ṣe, mo tún ra transformer kékeré tó ń sọ iná di 110 sí i. Ó wá tàn. Mo fi DVD kan tí mo rà ní Nàìjíríà sí i, ó ní òun kò lè gbé irú ètò àwòrán yìí; mo fi Blu-ray tí wọ́n mú wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì sí i, ó ní kì í ṣe ti ẹkùn òun. Owó pọ́ọ́kú náà ti di ọ̀wọ́n kí n tó wo fíìmù kan ṣoṣo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe fíìmù pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta fún Blu-ray. Amẹ́ríkà àti Japan wà ní ẹkùn A. Áfíríkà, Yúróòpù àti Ọsirélíà wà ní ẹkùn B. Ṣáínà, Íńdíà àti Rọ́ṣíà wà ní ẹkùn C. Àwa àti Lọ́ńdọ̀nù jọ wà ní B, nítorí náà àwo mẹ́fà tí ọmọ yín gbé wá yóò bá ẹ̀rọ ẹkùn B mu. DVD ní ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwa wà ní ẹkùn 5, ìlú Gẹ̀ẹ́sì wà ní 2, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ èyí kí ó tó máa ra DVD fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ tiwa lè kọ̀ ọ́. VCD kò ní ẹkùn rárá. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tún máa ń kọ àwo tí wọ́n ṣe ní ìlànà àwòrán tiwa, tí wọ́n ń pè ní PAL, ìdí tó fi kọ DVD mi nìyẹn. Bí ó bá di dandan kí ẹ ra tòkunbọ̀, ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ níṣojú oníṣòwò. 220-240V, 50Hz ni kí ẹ rí níbẹ̀, tàbí 100-240V, tó gba iná ibi gbogbo.

Bí ẹ bá lè ra tuntun, Sony àti Panasonic ṣì ń ṣe é. Oppo, tí àwọn tó fẹ́ràn home theatre ń yìn jù, dáwọ́ dúró ní ọdún 2018, Samsung sì fi òwò náà sílẹ̀ ní 2019. Ohun tí ó jẹ́ kí ẹni kẹta tí ẹ bá pàdé ní ọjà máa sọ pé ayé àwo ti lọ nìyẹn. Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ fún ilé bí tiyín. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan fíìmù rẹ̀ tó mọ́ bí HD lè jẹ tó gígábáìtì 3 nínú dátà, ti 4K lè jẹ tó 7. Ẹ fi wákàtí méjì ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ fi owó dátà bá a mu. Kí fíìmù náà tó kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fún un mọ́lẹ̀ kí ó lè kéré. Èyí tó wà lórí àwo yín kò ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá kí ó tó dún, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ yín ní òru ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ iná kò gùn. Ẹ̀rọ Blu-ray kì í sábà jẹ ju wáàtì 10 sí 25 lọ, inverter kékeré tó ń gbé gílóòbù yín lè gbé e. Iná tó ń wọlé lójijì pẹ̀lú agbára ló ń pa á, nítorí náà ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ stabilizer, kí ẹ sì yọ ọ́ bí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ẹ má ṣe ki wáyà rẹ̀ bọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tààrà.

Eruku ni ọ̀tá tó burú jù. Ẹ̀yin náà mọ bí ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí: ẹ fi ìka pa orí tẹlifíṣọ̀n ní àárọ̀, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ eruku pupa ti tún wà níbẹ̀. Eruku yẹn náà ló ń bà lé ojú lẹ́ǹsì nínú ẹ̀rọ, tí àwo fi ń yí láìdáhùn. Ẹ má fi ẹnu àwo sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ fi aṣọ bò ó nígbà tí ó bá wà ní pípa, ṣùgbọ́n ẹ ká aṣọ náà kúrò kí ẹ tó tàn án, nítorí ooru. Bí ẹ bá ń nu àwo, aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi nù ún, láti àárín lọ sí etí ní ìlà tààrà. Ẹ má fi yí i po, torí pé ojú híha tó bá tẹ̀lé ìlà àwo ni lésà kì í lè fò kọjá. Mo sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń fi ọṣẹ ìfọyín ra CD tó bá ti ha. Ẹ má dán an wò lórí Blu-ray. Lára DVD, nǹkan bí mìlímítà 0.6 ni rọ́bà tó bo ibi tí àwòrán wà; lára Blu-ray, mìlímítà 0.1 péré ni, pẹ̀lú ààbò líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọṣẹ ìfọyín ha ààbò yẹn kúrò, ó ti parí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ra ẹ̀rọ náà, àwo Blu-ray tuntun lè wá kọ̀ láti dún nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó nílò àtúnṣe inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kí ó lè mọ kọ́kọ́rọ́ àwo tuntun náà. Ọmọ yín lè gbà á láti orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà sórí flash, kí ẹ wá ki flash náà bọ ihò USB.

ÌBÉÈRÈ LÁTI UNDER-G, ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra ẹ̀rọ Blu-ray, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé PlayStation 4 tí mo ní ti tó. Ṣé òótọ́ ni mo sọ? Bí mo bá wá ra PS5 ńkọ́?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n kò pé. PS4 ń gbé Blu-ray àti DVD, kò gbé àwo 4K, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní PS4 Pro. PS5 tó ní ẹnu àwo ń gbé 4K. Èyí tí kò ní ẹnu àwo kò lè gbé nǹkan kan; àwọn tó jáde láti ìparí ọdún 2023 nìkan ló ṣeé ra ẹnu àwo fún lọ́tọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí PS4, wọn kì í gbé CD orin, nítorí náà kí ẹ̀gbọ́n rẹ má retí pé àwo orin rẹ̀ yóò dún níbẹ̀. Bí fíìmù Blu-ray díẹ̀ ló ń wò lóṣù, kí ó pa owó rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé alaalẹ́ ni wọ́n ń wò ó nílé, ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ dára jù, nítorí pé fáànù PS4 máa ń pariwo sí i bí ó bá ti pẹ́, iná tó ń jẹ sì ju ti ẹ̀rọ Blu-ray lọ dáadáa. Ìwọ náà yóò sì lè gbá bọ́ọ̀lù rẹ láìsí ẹni tó ń sọ pé kí o dìde.

ÌBÉÈRÈ LÁTI AKẸ̀SÁN, Ọ̀YỌ́

Oníṣòwò ni mí. DVD ìgbéyàwó àkọ́bí mi, tí onífídíò fi kọ̀ǹpútà kọ fún wa ní ọdún 2009, ti ń dá dúró níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún ìyàwó, àwòrán a sì fọ́ wẹ́wẹ́. Bí mo bá ra ẹ̀rọ Blu-ray, ṣé yóò gbé e?

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan. Fíìmù tí wọ́n tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí onífídíò fi kọ̀ǹpútà kọ. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ, inú àwọ̀ kan tó wà nínú àwo ni àwòrán rẹ̀ wà, oòrùn àti ooru sì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ náà ṣá. Ẹ̀rọ Blu-ray ní lésà pupa tirẹ̀ fún DVD, bí ó bá sì jẹ́ tuntun, ojú rẹ̀ lè mọ́ ju ti àtijọ́ yín lọ, tí yóò fi kọjá ibi tó ń dá dúró. Ó lè má kọjá pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, ẹ nu àwo náà bí mo ṣe sọ lókè, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó ń ka DVD, kí ó gbìyànjú láti da gbogbo rẹ̀ kọ. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kọ̀, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ òmíràn, nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà kò rí bákan náà. Ẹ má ṣe lẹ bébà mọ́ orí àwo náà, ẹ má sì fi sí ojú fèrèsé ìsọ̀.

Èyí tí ó bá rí dà kọ, kí ó wà ní ibi méjì, ọ̀kan sórí flash lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wá ra ẹ̀rọ Blu-ray lẹ́yìn náà, ẹ lè ki flash náà bọ ihò USB iwájú rẹ̀ kí ẹ sì wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kàn sọ fún ẹni tó ń dà á kọ pé kí ó gé ìgbéyàwó náà sí abala tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó gígábáìtì 4, torí pé irú flash tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń kà, èyí tí wọ́n ń pè ní FAT32, kì í gba fáìlì kan tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.